Obìnrin Tí Mo Kọ́ Ní Iṣẹ́ Mi

Òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ni ó máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, gba ẹnu gbogbo ayé kan. Èmi ni mo ń fi táípúráítà tẹ ohun tí àwọn òǹkọ̀wé bá fi ọwọ́ kọ. Ẹ̀rọ wa kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo ní ọgbọ́n tèmi: n ó dá ẹ̀rọ padà ní ìwọ̀n lẹ́tà kan, n ó yí rọ́là díẹ̀, n ó sì fi àmì ìdánudúró tẹ abẹ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé n kì í wo ẹ̀rọ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa ní kí n lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lọ fi bí a ṣe ń tẹ ìwé wa han ìyá kan tí ó ní táípúráítà mẹ́ta nínú ilé. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ." Ara mi kò lélẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣí báàgì mi, mo pa á dé, mo tún ṣí i, n kò sì mọ ohun tí mo ń wá.

Ìyá náà gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Bí mo ṣe ń mu omi lọ́wọ́, wọ́n bi mí pé, "Tí o bá ti kúrò níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ibo lo máa lọ?"

"Kúrò níbo, mà?"

Wọ́n ní, "Wọn ò sọ fún ẹ?"

Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan àyàfi àmì abẹ́ lẹ́tà. Nínú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀, gbogbo ọkọ ìyàwó di oko ìyàwó. N ó jókòó, n ó dìde, n ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó tún wọlé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Báwo lo ṣe ń ṣe àmì abẹ́ yẹn? Mo ti rí i nínú ìwé tí o tẹ̀. Mo ń dúró kí o fúnra rẹ sọ fún mi ni."

Mo ní, "Tí mo bá fi hàn yín, kí ló kù fún mi?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n dá èmi náà dúró níbi iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe ń ṣe èyí. Tí n kò bá sì gba iṣẹ́ yìí, ọ̀gá rẹ á gbé e lọ s'Íbàdàn."

Mo tún jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo gbé ọwọ́ mi lé orí ọwọ́ wọn, mo sì fi hàn wọ́n.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá fún mi ní lẹ́tà pé kí n máa lọ. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀rọ kẹta ṣófo. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sídìí rẹ̀, tí mo ń tẹ ìwé fún ilé ìtẹ̀wé kan náà tí ó lé mi.

Lónìí, ọmọbìnrin mi ń ti Ìbàdàn dáhùn ìpè fóònù àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun. Ó sọ fún mi pé obìnrin òyìnbó kan ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà láti inú kọ̀ǹpútà, pé obìnrin náà le koko mọ́ wọn. Mo bi í bóyá obìnrin náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò mọ̀. N kò rí oorun ọ̀sán sùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí mo pàdánù kò dùn mí mọ́. Ohun tí ó ṣì ń dùn mí ni ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí.