Ṣúgà Inú Omi Iyọ̀

Wọ́n ní kí ìyá mi lọ po omi iyọ̀ àti ṣúgà, wọn ò sọ ohun tí ṣúgà ń ṣe níbẹ̀, ọmọ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní àdúgbò PK12, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé tí a ń gbé yìí, ló máa ń wà bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ní àdúgbò Plaine Orety. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìgbẹ́ gbuuru mú un, ìyá mi sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní oògùn alápò tí wọ́n ń pò mọ́ omi ti tán, kí wọ́n lọ fi iyọ̀ àti ṣúgà pò ó nílé. Ó pe ẹlòmíràn wọlé. Faransé tí ìyá mi fi ń ta aṣọ tó o láti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ṣì í gbọ́ rárá.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ó ń mu omi, ó ń yà á jáde. Mo tọ́ omi náà wò: iyọ̀ nìkan.

"Màmá, ṣúgà rẹ̀ dà?"

"Ṣúgà kẹ̀! Ọmọ tí inú ń yọ lẹ́nu, kí n tún fi jẹ̀díjẹ̀dí kún un? Ìwọ ọ̀mọ̀wé yìí náà!"

Ta ni màá bá wí? Nílé wa, ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Mo po lítà omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí iyọ̀. Bí mo ṣe ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu ni mo ń ṣàlàyé fún ìyá mi. Sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, ni mo ń pè ní iyọ̀ fún un.

"Sẹ́ẹ̀lì ìfun ní ẹ̀rọ kan lára awọ rẹ̀, tó ń ti iyọ̀ síta tọ̀sán-tòru, títí iyọ̀ inú rẹ̀ fi kéré sí ti ìta. Ti ìta wá ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Ilẹ̀kùn kan wà tó jẹ́ pé iyọ̀ àti ṣúgà gbọ́dọ̀ jọ débẹ̀ kó tó gbà wọ́n wọlé. Bí iyọ̀ bá ti ń ya wọlé, á wọ́ ṣúgà dání, omi á tẹ̀ lé wọn. Àìsàn yìí kì í sábà ba ilẹ̀kùn náà jẹ́."

"Subuhanallahi! Ìfun ló ń ṣe gbogbo èyí?"

"Òun ni."

"Ó gbọ́n ju nọ́ọ̀sì yẹn lọ."

Irú ìyàtọ̀ iyọ̀ inú àti ti ìta yìí náà ni iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́, tí ọkàn fi ń lù. Mo kọ́ ọ ní yunifásítì, mo yege nínú rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni ẹnu yà mí: iṣẹ́ tí ojú ò rí, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn, lára ọmọ tèmi. Nírọ̀lẹ́, ọmọ tọ̀: omi ti ń dúró sí i lára. Ìyá mi hó yèè!

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn náà, kí ló dé tí oògùn tó rọrùn báyẹn fi tán? Ta ló ní kí nọ́ọ̀sì yín má ṣàlàyé? Ìyá àgbà mélòó ló ti yọ ṣúgà kúrò lẹ́yìn ìyá mi? Ẹ dá mi lóhùn.