Bàbá Mi Fẹ̀yìn Rìn Yí Pápá Po

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo dé láti Ṣáínà, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ni mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sí pápá ìṣeré àtijọ́ kan nítòsí àdúgbò Challenge. Dókítà ti sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù: kí wọ́n máa rìn yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹrin láìdúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kàn. Bàbá mi sì bẹ̀rù abẹ́rẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ náà, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n dúró kí wọ́n tó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn kí wọn, wọ́n á dúró, wọ́n á yíjú sí i, wọ́n á béèrè ilé àti ọmọ. Bàbá mi kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó bá kí wọn. Ọmọ wo ló máa ní kí bàbá rẹ̀ má kí èèyàn?

Mo wá rántí ìlú tí mo ti kàwé ní Ṣáínà. Wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ àdúgbò wa níbẹ̀, ilé gogoro ti gba ipò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi pápá àtijọ́ kan sílẹ̀ láàárín wọn. N kò rí ìdíje kankan níbẹ̀ rí. Ní ìdájí, wọ́n á ṣí géètì fún àwọn aládùúgbò, àwọn arúgbó á sì máa fẹ̀yìn rìn. Wọ́n ní ó dára fún orúnkún. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn kọjú sí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi.

"Ṣé o fẹ́ sọ mí di akàn ni?"

Ṣùgbọ́n ní Sátidé kejì, wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń bá wọn wo ọ̀nà. Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ kíákíá.

"Bàbá! Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan sílé ni?"

"Ojú yín ni mo fẹ́ rí! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà. Ẹ má ṣubú o!"

Màmá náà kọjá. Ẹsẹ̀ bàbá mi kò dúró.

Ṣọ́ọ̀bù ti yí pápá tiwa náà ká. N kò mọ bí pápá náà yóò ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí géètì rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí dókítà tún ẹ̀jẹ̀ bàbá mi yẹ̀ wò, ó ní abẹ́rẹ́ kò tíì kàn. Bóyá ìrìn ni, bóyá ẹ̀bà tí wọ́n dín kù ni, n kò lè sọ. Ní àárọ̀ òní, mo kà á fúnra mi: ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn kò dúró rárá.