Ààlè tí mo pa sára mọ́tò mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ọ̀fà níbí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Àmọ́ bí n kò bá sọ ọ́ fúnra mi, àwọn ará ìdíkọ̀ rélùwéè á bá mi sọ ọ́, wọn á sì fi iyọ̀ àti ata sí i!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ní mọ́tò píkọ́ọ̀pù. Aláwọ̀ ewé ni. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Lẹ́yìn òmìnira tí mo rà á, píkọ́ọ̀pù mélòó ló wà ní àdúgbò wa? Tèmi nìkan ni! Òun ni mo fi ń kó iṣu láti Ojoku wá sí ìdíkọ̀, kí rélùwéè tó gbé e lọ sí Ìbàdàn. Bí mo bá ti fọn fèrè rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé mi, inú mi á máa dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Àfi bí olè ṣe dájú sọ mí. Mo jí lọ́jọ́ kan, sípíà táyà ti lọ. Kò pẹ́, jáàkì tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, bátìrì! Ẹ gbọ́ ná, irú olè wo ló ń jẹ mọ́tò èèyàn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ àkàrà? Mo lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n ní ta ni mo fura sí. Bí mo bá mọ ẹni náà, ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni mà bá wá?

Mo ra bátìrì mìíràn pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé inú tètè máa ń bí mi.

Ọ̀nà Ojoku ni mo ti rí ohun tí mo pè ní ọgbọ́n. Ẹ mọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń kó iṣu sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n á sì padà sínú oko. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kò sí ìlẹ̀kùn, kò sí ajá. Ààlè nìkan ni wọ́n pa síbẹ̀: àjákù ìgbálẹ̀, ṣùkù àgbàdo àti akísà, tí wọ́n so mọ́ igi kékeré kan. Èèyàn á kọjá lọ, kò ní fọwọ́ kan ẹyọ iṣu kan. Gbogbo wa la mọ ohun tí ààlè ń sọ: ohun yìí ní olówó, ẹni tó bá mú un, ohun tójú ẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Mo wá sọ nínú ara mi pé bí akísà bá lè ṣọ́ iṣu, kí ló ní kó má lè ṣọ́ mọ́tò?

Mùsùlùmí ni mí o, mo sì mọ ohun tí àwọn ààfáà á sọ. Mo ní kì í ṣe oògùn, àṣà oko lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá àjákù ìgbálẹ̀, mo wá ṣùkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín, mo fi akísà pupa dì wọ́n, mo so wọ́n mọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn mọ́tò. N kò tilẹ̀ ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́! Mo dúró láàárín agboolé lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo pariwo pé yàtọ̀ sí èmi, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan mọ́tò yìí, ìbáà ṣe ọmọ bàbá mi, ìbáà ṣe ọmọ ìyá mi, kí ayé ẹ̀ ṣófo bí ìkarahun yìí.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ baálé wa, pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní oko ni wọ́n ti ń pa ààlè, nítorí àlejò tó ń kọjá. Wọ́n ní ta wá ni àlejò nínú agboolé yìí tí mo pa tèmi dè? Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn kì í kọ olè síwájú orí ẹni." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n rántí pé ẹni tó pa ààlè ló ń tú u. Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo gbọ́? Etí mi ló gbọ́, ọkàn mi ò gbọ́ nǹkan kan!

Ó ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́. Wọn ò jí nǹkan kan mọ́. Àmọ́ Làsísì àbúrò mi, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní mọ́tò wíwà, kò fọ mọ́tò fún mi mọ́. Àwọn ìyàwó ilé á lọ gba ẹ̀yìnkùlé, kí aṣọ wọn má baà kàn án. Mo rí gbogbo ẹ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi!

Nígbà tó yá, mo bá iṣu mi lọ sí Ìbàdàn nínú rélùwéè, mo gbé mọ́tò sílé. Ẹ̀yìn mi ni ìyá mi lọ pọnmi. Ẹ̀bá kànga ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn tàsé, wọ́n ṣubú, egungun itan sì ṣẹ́.

N kò gbọ́ o! Ọ̀sán gangan ni mo bọ́ sílẹ̀ ní ìdíkọ̀ Ọ̀fà, mò ń gbọn eruku agbádá mi. Ọ̀kan nínú àwọn aláàárù kí mi pé ẹ kú ìyọnu, ṣé ara ìyá ti ń balẹ̀? Ó ní òun rí wọn lórí ọmọlanke nígbà tí wọ́n ń tì wọ́n lọ sí ọsibítù.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá ẹlòmíì ló rí. Mo ní, "Èmi Ràájí tí mo ní mọ́tò? Kí ìyá mi máa gun ọmọlanke?" Ọkùnrin náà wolẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí náà wolẹ̀. Mo sáré délé.

Mọ́tò wà níbi tí mo gbé e sí. Epo wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá mi ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ máa ń wà, ìyàwó mi mọ ibẹ̀, Làsísì náà mọ ibẹ̀. Ààlè náà ṣì wà lọ́wọ́ ìlẹ̀kùn, kò yẹ̀.

Mo figbe ta! Mo bi Làsísì bóyá orí ẹ̀ ti dàrú ni. Mọ́tò wà nílẹ̀, ó wá jẹ́ kí wọ́n ti ìyá wa bí ẹrù sìmẹ́ńtì? Kò gbó mi lẹ́nu. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín. Ta tún ni ọmọ ìyá yín bí kò ṣe èmi?"

Mo bá yíjú sí àwọn àgbà ilé.

Bàbá Àgbà ló wá ṣàlàyé. Wọ́n ní Làsísì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, òógùn ń bò ó, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn sọ pé àwọn ti dàgbà, kí àwọn kúkú já ààlè náà, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ló kọ̀. Lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ wọn sí, nínú ìrora, ìyá mi ní àwọn ò ní jẹ́ kí èpè ọmọ àwọn jà lára ẹnikẹ́ni nítorí ẹsẹ̀ àwọn. Ni wọ́n bá yá ọmọlanke lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí i, wọ́n tì wọ́n gba ọjà kọjá, wọ́n tì wọ́n gba ìdíkọ̀ kọjá. Bí táyà bá ti gun òkúta, ìyá mi á ké. Gbogbo ẹni tó rí wọn ló ń béèrè pé kí ló ṣe mọ́tò ọmọ wọn?

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo tẹ́! Mo tẹ́ lójú ará ilé, mo tẹ́ lójú ará ọjà.

Mo lọ tú ààlè náà lójú gbogbo wọn. N kò lè tú kókó tí èmi fúnra mi ta. Ìyàwó mi mú ọ̀bẹ wá fún mi, kò wo ojú mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní gbígbọ̀n tí ọmọlanke ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì lójú ọ̀nà ti mú kí egungun náà yẹ̀ sí i, bóyá ni ẹsẹ̀ náà á tún gún régé. Mo yọjú sí ìyá mi. Wọ́n ní, "Àkànní, káàbọ̀. Ṣé ọjà tà?" Mo bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìyá mi sílẹ̀, mo fọ mọ́tò títí ó ń dán, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Làsísì dì wọ́n mú, wọ́n ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n tún fà á sẹ́yìn. Wọ́n wò mí. Kì í ṣe ẹ̀gàn, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ìyá tó bí mi ń béèrè tọkàntọkàn ni.

"Àkànní, ṣé mo lè fọwọ́ kàn án báyìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níbẹ̀, tagbádá tagbádá. N kò wo ẹni tó ń wò mí.

Ní báyìí, bí mo bá ti dé, mo máa ń tú bátìrì wọlé. Mo fi ṣéènì àti àgádágodo de sípíà táyà mọ́lẹ̀. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà ni mò ń gbé mọ́tò sí, níbi tí gbogbo agboolé ti ń rí i, Làsísì ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Kò sí olè tó tún yọjú. Ṣé ẹ rí i? Ojú àwọn ènìyàn mi tí mo kà sí olè gan-an ló ń bá mi ṣọ́ ọ! Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn ti ìlẹ̀kùn mọ́ olè kò burú, àmọ́ kó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wo ẹni tó ń tì mọ́ ìta pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣọ́ nǹkan yín rí débi tẹ́ ẹ fi ṣọ́ ọ mọ́ èèyàn yín lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kí ìtìjú yìí lè fúyẹ́ díẹ̀ lára mi. Torí pé títí dòní, kí ìyá mi tó wọ mọ́tò náà, wọ́n ṣì máa ń kọ́kọ́ wo ojú mi.