Ìyá Àgbà Tó Tutọ́ sí Mi Lára

Ìyá àgbà náà di ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mú lórí, ó gbé e sókè, ó sì là á mọ́ òkúta etí òkun. "Ení," ni mo wí. Ó tún là á. Ogójì ìgbà ni wọ́n máa ń nà án kó tó rọ̀, Yorùbá ni mo sì fi ń kà á, torí n kò tíì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Omi iyọ̀ ń ta sí wa lójú. Bí mo bá fo èjìlélógún, á dúró, á wò mí, bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gíríìsì la wà nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Màmá mi ń dirun fún àwọn tó wá najú sí etíkun, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ìyá àgbà yìí ló ni yàrá tá a háyà, ìsàlẹ̀ wa ló ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ ni màmá mi sì ń fi mí sí. Yáyá là ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ nítorí ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ní Sátidé, a jọ máa ń fi ẹfun kun àtẹ̀gùn ilé. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo ìlú á ti fèrèsé, wọ́n á sùn, a ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi ọkọ̀ ẹja tó ń fara gbún èbúté. Òórùn búrẹ́dì àti epo ólífì kún ilé rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí n sọ lójú màmá mi.

Ní Sọ́ńdè kan, màmá mi wọ̀ mí ní aṣọ tuntun, ó di irun mi ní ṣùkú. Yáyá pàdé wa lórí àtẹ̀gùn. Ó pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ tàn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tutọ́ sí mi lára: tú, tú, tú.

Màmá mi fà mí sẹ́yìn. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nù mí lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán ló pọ̀ jù nínú itọ́ náà, ó sì fà mí lọ. Inú ilé ló ti wá sọ pé torí a dúdú kọ́ ni ẹnikẹ́ni á fi máa tutọ́ sí ọmọ òun lára. N kò gbọ́dọ̀ tẹ ilé obìnrin yẹn mọ́.

Bó ṣe di pé mo ń bá màmá mi lọ sí etíkun nìyẹn. Tó bá dirun dé ìdajì, á sáré wá mi lọ sétí omi, oníbàárà á bínú dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a máa kó kúrò nílùú. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ìró ẹja lára òkúta láti ojú fèrèsé, kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo sunkún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ ra búrẹ́dì. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó gbé e lọ́wọ́. Yáyá wọlé, ó wo ọmọ náà, ó sì ṣe é: tú, tú, tú. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Màmá mi dúró gbagidi. Ó bi oníbúrẹ́dì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, kí nìyẹn jẹ́. Ọkùnrin náà ní ọmọ tó bá rẹwà ni wọ́n ń ṣe é fún, kí ojú burúkú má baà wọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ náà ni màmá mi kúnlẹ̀ sí. Yáyá rò pé ó ṣubú, ó dì í lápá, ó ń fà á dìde, màmá mi sì ń tẹra mọ́ ìkúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ ni."

Orúnkún rẹ̀ ni Yáyá ń yẹ̀ wò, bóyá ó bó. Lọ́jọ́ kejì, mo padà sídìí òkúta.

Swinton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, là ń gbé báyìí. Omi Salford Quays tí mò ń wò láti inú tram kò ní òórùn iyọ̀. Yáyá ti kú, a ò sí níbẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn service, àwọn ìyá ìjọ pé lé ọmọbìnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lórí. "Ah, ọmọ yìí fine o, ẹ wo ojú ẹ̀," ni wọ́n ń wí. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ẹ́," ló wí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá pásítọ̀ wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba sí ọmọ náà lọ́rùn: tú, tú, tú.

Nígbà tó gbé e padà fún mi, ọrùn rẹ̀ tutù díẹ̀. Èmi ò nù ún.