Ọfà Tó Padà Sínú Apó

Mo rántí ìgbà tí mo ní ọrun kan tí n kò lè fà dáadáa, tí mo sì ń gbé e kiri bí ẹni gbé adé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Awoye ló gbẹ́ ẹ fún mi láti ara ẹ̀gbà, igi líle etí omi iyọ̀. Ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ọsán rẹ̀ sì le débi pé bí mo bá fi lè fà á dé àgbọ̀n, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọrun ọkùnrin rí. Ọdún tí òkun gbé ilé wa lọ ní Araromi ni. Èmi àti ìyàwó mi kó ìwọ̀nba ẹrù tó kù sínú ọkọ̀, a sì gba orí omi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ìletò kan lẹ́yìn Mahintedo. Apẹja ni mí láti kékeré, n kò mọ igbó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń gbé ilé àna rẹ̀ a máa wá ohun tí yóò fi hàn pé òun náà tó ọkùnrin, ọrun líle yẹn sì ni èmi rí.

Ìyàwó mi ti lóyún nígbà náà, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a ti ń retí. Ilẹ̀ gíga díẹ̀ wà láàárín àbàtà lẹ́yìn ìletò náà, ibẹ̀ ló gbin ẹ̀gẹ́ àti kókò sí. Oko yẹn la gbójú lé, torí àwọ̀n mi ti bá òkun lọ pẹ̀lú ilé. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó onírun pupa fi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n á fi imú tú ebè títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí ìgbà tí a bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè yin ìbọn sí wọn, torí àwọn àgbà ìletò ti fòfin dè é. Níbi tí páìpù epo bá ti gba inú omi kọjá, bí ìbọn bá dún lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà á ti dé láti béèrè ẹni tó yìn ín. Ọrun nìkan ló kù fún wa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé ọrun mi jáde, gbogbo ìletò ló rí mi, torí mo rí i dájú pé iwájú ilé wọn ni mo gbà kọjá. Inú ọkọ̀ la ti sábà máa ń ta ẹran lọ́fà ní àbàtà wa, nítorí ilẹ̀ tó ṣeé dúró lé kò pọ̀. Mo rí ẹlẹ́dẹ̀ kan ní etí oko. N kò lè fa ọrun náà ní ìjókòó, ni mo bá dìde, mo ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi fà á. Ọkọ̀ náà dojú dé. Èmi tí wọ́n bí sórí omi, tí mo ti bá ìgbì òkun wọ̀yá ìjà, omi tí kò mu mí dé àyà ló dà mí nù nítorí ẹlẹ́dẹ̀. Kí n tó da ọkọ̀ padà, ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Nígbà tó ṣe, mo wá ibì kan dúró sí lórí ilẹ̀, mo sì ta òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pákó ọ̀gọ̀rọ̀ fífúyẹ́ ni mo fi ṣe ọfà mi. Ó sáré lọ lóòótọ́, àmọ́ awọ nìkan ló gún. Ẹlẹ́dẹ̀ náà gbọn ara, ọfà jábọ́, ó sì ń bá kókò rẹ̀ lọ.

Bàbá ìyàwó mi ti ṣe ọdẹ dáadáa nígbà èwe wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pa ẹ̀rín mọ́ra nítorí àna wọn ni mí. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n rín in tán, wọ́n wá pè mí. Wọ́n fa ọrun tiwọn yọ láti òkè àjà, kò sanra tó ìdajì tèmi. Mo rò nínú ọkàn mi pé ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ ọfà rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Igi ẹ̀gbà ni igi rẹ̀, lẹ́yìn irin tó wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi òjé tí a máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n lù mọ́ ọn, wọ́n sì fi okùn àwọ̀n yí i ká.

Wọ́n bi mí pé, “Àwọ̀n tí kò lójèé, ṣé ó lè dúró nínú omi?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá, omi á gbé e lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni ọfà. Èyí tó fúyẹ́ á sáré, awọ ẹran á dá a dúró. Èyí tó wúwo kì í kánjú, ṣùgbọ́n tó bá kanlẹ̀kùn, ó wọlé nìyẹn.”

A dán an wò lára ìtì ọ̀gọ̀rọ̀ tó ti ṣubú. Ìka méjì ni mo fi yọ ọfà tèmi. Àdá la fi gbẹ́ tiwọn jáde. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kì í lọ jìnnà o, mo gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran, kí n sì ní sùúrù. Alágbára tí kò mèrò, wọ́n ní, baba ọ̀lẹ ni. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé e. Láràárọ̀, kí n tó jẹun, màá jókòó sínú ọkọ̀, màá fa ọrun tiwọn tí wọ́n yá mi dé àgbọ̀n, màá ka ení títí dé ẹ̀wá, lẹ́yìn náà màá rọra dẹ̀ ẹ́ padà láìta nǹkan kan. Wọ́n ní ọrun tí ènìyàn bá fà tí kò lè dẹ̀ padà, ọrun náà ló ni í. Èmi ní tèmi ń ráhùn. Ta ni í fa ọrun láti má ta? Odidi oṣù kan ni mo fi ń ṣe é, tí ìyàwó mi á máa bi mí bóyá afẹ́fẹ́ ni a óò fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko. Ìyàwó mi ti bá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni a sì ń retí rẹ̀. Láìpẹ́, eèsún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo gbọ́ ìró ilẹ̀ tí nǹkan ń tú, mo rí ẹ̀yìn pupa kan tó tẹ̀ láàárín ewé. Mo fa ọrun dé àgbọ̀n. Gbogbo ìbínú kókò wa tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ rọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Bàbá ti mọ́ mi lára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo ka méje, ẹ̀yìn pupa náà sọ̀rọ̀.

“Yéè, ìbàdí mi o!” Ó na ara ró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú bí àwọn aláboyún ti máa ń ṣe. Ìyàwó mi ni, aṣọ pupa lọ́rùn rẹ̀. Ẹ́ńjìn ọkọ̀ wọn ti kú lójú ọ̀nà, wọ́n sì darí padà. Ó gba orí afárá pákó wọ oko láti ẹ̀yìn, ó ń wa kókò tí a óò sè.

Mo dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Mo yọ ọfà, mo fi í sínú apó. Tó bá jẹ́ ọrun mi àtijọ́ ni, n kì bá tí ì ka mẹ́ta kí ọsán tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó rí mi, ó ní, “Kí lo jókòó síbẹ̀ yẹn ń wò? Wá bá mi gbé agbọ̀n, jẹ́ a r'ulé.”

Mo gbé agbọ̀n náà. N kò rántí pé ó wúwo.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo tó sọ fún àwọn méjèèjì. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní, “Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni mo jọ?” Ẹ̀rín àti ẹkún gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n sì jáde síta. Mo gbọ́ tí wọ́n ń wúkọ́ lórí afárá fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ kò ṣe wọ́n rárá. Ara mi fúyẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta kúrò lórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ sí oko wa gbọ́dọ̀ máa kọrin. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi ta akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan níbẹ̀, ọfà olójèé kan ṣoṣo, kò rìn jìnnà kó tó ṣubú, àwọn yòókù sì yàgò fún oko wa. Ọrun líle mi ńkọ́? Ìyàwó mi fi í ṣe ọ̀pá tó ń sá aṣọ lé, iṣẹ́ yẹn sì bá a mu.

Ọmọbìnrin tó wà nínú oyún lọ́jọ́ náà ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Bàbá ti lọ sinmi. Tí èmi àti ìyàwó mi bá ń jà, ó ṣì máa ń pè mí ní ọkùnrin tó fẹ́ ta á lọ́fà, kò sì parọ́. Ọfà tí mo fi pa ẹlẹ́dẹ̀ ti sọnù sínú àbàtà tipẹ́, n kò wá a. Èyí tó padà sínú apó ló wà lókè ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà bi mí pé kí ni ọfà yẹn pa. Mo ní kò pa nǹkan kan. Ó ní kí ló wá dé tí mo fi gbé e sókè bẹ́ẹ̀?

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń yan ẹja. “Sọ fún un,” ó ní.

Mo wo ọmọ náà. Mo ka ení títí dé èje nínú ọkàn mi, mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọdún tí òkun gbé ilé wa lọ.