Fìlà Kóòṣì Leland

"Mama Verna, ṣé òótọ́ ni pé ọkọ yín tó ti kú ló jẹ́ kí ife-ẹ̀yẹ bọ́ lọ́wọ́ wa?" Onígbàjámọ̀ ìlú ló bi í.

"Òótọ́ ni," ni Verna dáhùn, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀, Orvin ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá nígbà ayé ẹ̀."

Leland Kucera ni kóòṣì ilé-ìwé wọn ní Nebraska. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré yìí, kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sójú kan. "Ẹ wo bí ọ̀tá ṣe tò ná, kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ máa dúró sí!" Fìlà ló fi ń darí wọn. Bí ẹnu fìlà bá kọjú síwájú, ẹni mẹ́ta á lọ ko ọ̀tá lójú, àwọn yòókù á ṣọ́ ẹ̀yìn. Bó bá yí i sẹ́yìn, mẹ́rin ni yóò lọ. Bó bá ṣí i kúrò lórí, gbogbo wọn á ya bo ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn á sì ṣófo gbáú.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gba ife, ni ọkọ̀ tó ń gbé òkú Orvin bọ̀ láti ilé ìwòsàn kọjá lẹ́bàá pápá. Verna wà nínú rẹ̀. Leland ṣí fìlà fún òkú, bí gbogbo ọkùnrin ìlú náà ti máa ń ṣe. Ni àwọn ọmọ bá ya! Bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, ọ̀tá kan sì gbé e wọlé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni lọ gba lẹ́tà.

"Kóòṣì, ṣé ẹ gbàgbé ni?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi í.

"Mi ò gbàgbé. Orvin ló ń kọjá."

"Ẹ ò ṣe jẹ́ ká gbá èyí tán ná?"

"Ọkọ̀ ẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ yín lọ."

Nídìí oúnjẹ ìjọ pàápàá, Leland kò ní bu nǹkan kan títí yóò fi rí ibi tí pásítọ̀ bá yọ sí. "Arlys, apá òsì ló ń gbà bọ̀! Bọ́ sídìí adìyẹ!"

"Leland, pásítọ̀ mà ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń fura sí i."

Nígbà tí Leland kú, ọjọ́ ìsìnkú bọ́ sí ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Arlys ní kí wọ́n má sún bọ́ọ̀lù náà síwájú: "Á dìde bá yín jà." Ilé-ìwé wọn ti ń borí lọ, ó sì ku díẹ̀ kó parí, ni ọkọ̀ òkú yọ. Dwayne, kóòṣì tuntun tí Leland fúnra rẹ̀ kọ́ ní àmì fìlà, fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú pinpin.

Verna sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìjókòó, ó rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Dwayne, ṣí fìlà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mama Verna! Wọ́n máa nà wá!"

"Mo mọ̀."

Ó na ọwọ́, ó sì ṣí i kúrò lórí rẹ̀. Ni àwọn ọmọ bá ya! Bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, ó lọ tààrà sọ́wọ́ ọ̀tá. Nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé òkú, Arlys rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó dìgbà tí ọkọ̀ náà kọjá tán kí Verna tó dá fìlà padà sórí Dwayne, ó sì tún ẹnu fìlà náà ṣe kó kọjú síwájú.

"Mo jẹ Leland ní gbèsè fìlà kan," ló wí. "Ó ti tán báyìí."