Ẹ̀dọ̀ Tí Ìyá Mi Sè

Inú bí mi gan-an sí dókítà tó ń tọ́jú ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ó ní àìsàn tó ń ṣe ọmọ mi obìnrin, èmi àti bàbá rẹ̀ la gbé e fún un láìmọ̀, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè pa májèlé tó ń ti ara ẹran, ẹja àti ẹ̀wà jáde, májèlé yẹn ló sì ń gun ọpọlọ rẹ̀. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ náà. Ó tún ní wọn kì í ṣe é nílùú wa. Mo bi í pé kí ló wá ń sọ ọ́ fún mi fún.

Bí mo ṣe ń fi iṣu àti gààrì tọ́ ọmọ nìyẹn. Bí aládùúgbò bá bu ọbẹ̀ fún un, màá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ahun ni mí. Wọn ò purọ́.

Nígbà tí àárẹ̀ tún mú un, mo fóònù ìyá mi ní ìlú Elavagnon pé kó wá bá mi tọ́jú rẹ̀, torí mo ní aṣọ oníbàárà láti rán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Atakpamé níbi tí à ń gbé. Ó bi mí pé kí ni dókítà wí.

“Ó ní àfi kó rí ẹ̀dọ̀ míì.”

“Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, ọmọ mi. A ó rí i.”

Mo rò pé ó kàn ń tù mí nínú ni. Ìyá mi dé, èmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo padà, ọmọ mi ń lá ọwọ́. Ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni ìyá mi sè fún un, odindi.

“Màmá, ó dùn!”

Mo ní, “Ìyá, ṣebí mo sọ fún yín pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹran?”

“Ẹran kọ́, ẹ̀dọ̀ ni. Ìwọ náà lo sọ ọ́.”

Ìyá mi kì í ṣe òmùgọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ mi ò dá wa mọ̀ mọ́. A gbé e dé ọsibítù. Ìyá mi ṣí aṣọ rẹ̀ sókè níwájú dókítà, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí n sọ fún un pé kó gé ti òun. Mo sọ ọ́ ní Faransé, èdè tí ìyá mi ò gbọ́. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè gé e níbí, àti pé ọmọ náà ò ní jí mọ́.

Ìyá mi ń wò mí lẹ́nu. Mo ní dókítà ní òun ti gbọ́.